Kíláàsì Òtútù Tó Gbé Fírísà Mi Lọ

                                                            Ojúlé Kọkànlá,
                                                            Òpópónà Ìfẹ́dapọ̀,
                                                            Ọ̀bà-Ilé,
                                                            Àkúrẹ́.
                                                            Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Ìyá Ayọ̀mikún, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ẹ kú oòrùn o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Oǹdó? Ṣé ara Bàbá Ayọ̀mikún le, ṣé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò tíì pariwo mọ́ ọn lórí fọ́? Ayọ̀mikún fúnra rẹ̀ ńkọ́? Eyín tó ń dà á láàmú nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín, ṣé wọ́n ti bá a yọ ọ́? Bá mi kí Màmá dáadáa, kí o sì máa bá mi wo ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n má máa dá gun àtẹ̀gùn kiri. Àwa náà wà láàyè níbí. Peculiar ọmọ mi ń dàgbà, ẹnu rẹ̀ sì ń gùn ju ara rẹ̀ lọ. Ooru nìkan ni kò jẹ́ ká sùn. Òjò tó yẹ kó ti máa rọ̀ kò rọ̀, bí ènìyàn bá da omi síta níbí, kó tó yíjú padà, ilẹ̀ ti gbẹ. Fi ooru yẹn sọ́kàn bí o bá ṣe ń kà á lọ, torí ọ̀rọ̀ òtútù ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

O máa ní kí ló dé tí mo ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Yàrá méjì péré ni a ní, ògiri tó sì là wọ́n láàárín kò nípọn. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú yàrá kejì, ó ń díbọ́n pé òun ń sùn. Gbémiga àbúrò mi ń bọ̀ ní Oǹdó lọ́la, òun ni mo fi ìwé yìí rán. O sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ògiri ní àdúgbò yín, pé kíláàsì wíńtà ń bọ̀ ní Oǹdó, àti pé Bàbá Ayọ̀mikún ti lọ gba fọ́ọ̀mù. Tíṣà tí kò tíì di páìpù mú rí láyé rẹ̀! Jọ̀wọ́, ka ìwé yìí tán kí o tó jẹ́ kó kọ orúkọ rẹ̀ sí ohunkóhun. Ilé mi ni kíláàsì yẹn ti kọ́kọ́ ṣọṣẹ́.

Olúgbénga ni orúkọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n bí o bá pè é bẹ́ẹ̀, kò ní dá ọ lóhùn. Kóòṣì ni ó ń jẹ́. Ó gba yàrá ńlá kan lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dojú kọ ìsọ̀ mi gan-an, ó lẹ àwòrán yìnyín mọ́ gbogbo ògiri, ó sì gbé pátákó síta pé òun á kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń múra páìpù ilé sílẹ̀ de òtútù Kánádà. Ó ní àwọn kan lọ́hùn-ún ń wá púlọ́mbà lójú méjèèjì, pé ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí òun, wọn á fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí fóònù, bó bá yege, wọn á mú un lọ. Ìyẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wá ènìyàn wà lóòótọ́.

Kóòṣì ní ọdún mẹ́fà gbáko ni òun lò nínú òtútù. Àmọ́ Agnes tó ń ta aṣọ òkìrìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ Ipogun ni, ìlú kan náà ni òun àti Kóòṣì ti wá. Agnes ní inú oṣù keje ni ọkùnrin náà lọ, oṣù kẹjọ kò tíì parí tó fi padà wálé. Ìyá Ayọ̀mikún, wọ́n ní ní oṣù keje, ṣòkòtò péńpé làwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ kiri, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti rí atẹ́gùn. Wọ́n ní ẹni tó máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Èmi wo ọrùn Kóòṣì. Súwẹ́tà ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìborùn onírun àgùntàn kan tó wé mọ́ ọrùn, nínú oòrùn ọ̀sán.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe kíláàsì náà. Kóòṣì pa á láṣẹ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọlé láìwọ súwẹ́tà, fìlà onírun àti ìbọ̀wọ́, kí ara lè mọ ibi tó ń lọ. Agnes tà títí kò fi rí ẹrù tà mọ́. Wọn á tan ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ nínú yàrá yẹn, wọn á máa di fóòmù tí wọ́n gé lára mátírẹ́ẹ̀sì mọ́ páìpù, bí wọ́n bá sì mú iná lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ. Ọkùnrin mẹ́tàdínlógún á wá tú jáde síta, gbogbo ara wọn á máa kán tótó, wọn á sáré wá sídìí fírísà mi láti wá ra omi tútù. Ọjọ́ tí màmá onílé wa, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, kọ́kọ́ rí wọn, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní, "Uṣẹ́ rè é o!" Ó rò pé ìjọ tuntun kan ló dé.

Bọ́láwálé ọkọ mi wà láàárín wọn, iwájú gan-an ló sì ń jókòó. Ìwọ náà mọ ọkọ mi. Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́. Kò sí ilé tí omi ń jò ní Ọ̀bà-Ilé yìí tí wọn kì í pè é, ó lè gbé etí sára ògiri kó sọ ibi tí páìpù ti lu fún ọ. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Kì í ṣe òpè ni wọ́n mú, ẹni tó mọ iṣẹ́ tán ni, tí ẹnì kan wá wọ súwẹ́tà níwájú rẹ̀, tó sì gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ, èmi náà ti ń lá àlá díẹ̀díẹ̀. Mo ti dán jákẹ́ẹ̀tì pupa kan wò ní ìsọ̀ Agnes. Ó bá mi mu.

Wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn. Kóòṣì ní kí ló dé tí páìpù fi ń bẹ́ nínú òtútù? Ó ní ohun kan náà tó ń mú kí ètè àti gìgísẹ̀ wa là nígbà ọyẹ́ ni. Òtútù á mú páìpù, ara rẹ̀ á gbẹ, á sún kì, á sì là. Nígbà ọyẹ́, kí la fi ń pa ètè? Òrí ni. Nítorí náà, kí òtútù tó dé, kí púlọ́mbà fi òrí pa gbogbo páìpù ilé láti òkè dé ilẹ̀, kó wá fi fóòmù wé e lé e lórí bí ọmọ tuntun. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Iye owó òrí lọ sókè ní ọjà wa, àwọn ìyá tó ń tà á kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìyá Ayọ̀mikún, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ta omi dídì àti sóbò. Ṣé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi ní ohun tí òtútù ń ṣe? Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta sóbò lánàá mọ̀ pé a kì í rọ ọ́ kún ìgò dé ẹnu ká tó gbé e sínú fírísà. Bí omi bá ń dì, wíwú ló ń wú. Bí kò bá ráyè lókè, á wá àyè sí ẹ̀gbẹ́, ìgò á sì bẹ́. Ìgò kọ́ ló gbẹ, ìgò kọ́ ló sún kì. Omi inú rẹ̀ ló wú. Fi òrí pa ìgò náà títí di ọ̀la, á bẹ́. Ohun tí mo sọ fún ọkọ mi nìyẹn ní alẹ́ ọjọ́ tó kó òrí dé, a ń jẹun lọ́wọ́. Ó wò mí bí ẹni tí ọmọdé ń kọ́ ní ìṣirò. Ó ní ohun tí òun lọ kọ́, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sóbò.

Mo tún gbìyànjú. Ní ọjọ́ kan tí Kóòṣì fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá ra omi, mo fi sùúrù ṣàlàyé fún un, mo tiẹ̀ mú ìgò kan tó bẹ́ jáde fún un kó fojú rí i. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Madam, omi dídì yàtọ̀ sí wíńtà." Ó gba ṣéńjì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró, Kìtán ni wọ́n ń pè é, baba ọlọ́mọ méjì tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ìgbàrà-Òkè wá sí kíláàsì láràárọ̀. Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó béèrè pé bí a bá da omi inú ìgò dànù ńkọ́, ṣé á bẹ́? Mo ní kí ló fẹ́ wú nínú ìgò òfìfo? Ó ní bí omi bá ń ṣàn ńkọ́, tí kò dúró lójú kan? Mo ní èmi kò tíì rí omi tó ń ṣàn kó dì kíákíá bí èyí tó dúró. Ó dúpẹ́, ó ra sóbò méjì, ó gòkè lọ. Èmi kò rò ó mọ́.

Ṣé o rántí pé inú oṣù kẹta ni mo wá bá yín ṣe ìdúpẹ́ Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ọjọ́ Ajé ni mo padà dé Àkúrẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn ìsọ̀, mo na ọwọ́ sí ibi tí fírísà wà láti gbé ọ̀rá omi sílẹ̀, ilẹ̀ ni ọ̀rá bọ́ sí. Ojú ibẹ̀ mọ́ fefe, onígun mẹ́rin, ìdọ̀tí yí i ká. Mo kọ́kọ́ rò pé olè ni. Mo ti lanu láti kígbe kí n tó rí i pé ilẹ̀kùn kò bàjẹ́ rárá. Olè kì í fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn, kó tún tì í padà.

Ọkọ mi ní òun ló tà á, òun sì ti fẹ́ sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ní owó ìntáfíù àti ti ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè, ọjọ́ sì ti lọ, fírísà nìkan ló sì wà nílé tí ènìyàn lè tà kí owó rẹ̀ jọ owó. Ó ní àwa méjèèjì la jọ máa lọ, kí ni mo tún fẹ́ fi fírísà ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ní Kánádà, ìta gbangba ni fírísà. Ìyá Ayọ̀mikún, inú bí mi gidigidi. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí Peculiar má bàa gbọ́ mi, mo sunkún. Ohun tí mo fi ń san owó ilé ìwé rẹ̀ ni ọkùnrin yìí tà, kí ó lè lọ kọ́ bí omi ṣe ń dì.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rá omi gbígbóná ni mo ń tà. Wò ó, ta ni yóò ra omi gbígbóná nínú ooru yìí? Mo gbà á bẹ́ẹ̀ torí kí ni mo lè ṣe? Mo ní bí ó bá tiẹ̀ yege ìntáfíù náà, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn òyìnbó náà má mọ nǹkan kan nípa omi.

Ọjọ́ ìntáfíù pé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí. Ó wọ kóòtù tó fi gbé mi níyàwó, ó wọ súwẹ́tà sábẹ́ rẹ̀, ó gbé fóònù ti ìkòkò ọbẹ̀, ó ní kí n má wọlé wá da òun láàmú. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì. Obìnrin òyìnbó kan ló yọ lójú fóònù, ohùn rẹ̀ tutù. Ó béèrè iṣẹ́ tí ọkọ mi ti ṣe rí, ọkọ mi sì dáhùn dáadáa, àní inú mi ń dùn níbi tí mo wà. Ó wá béèrè pé páìpù kan wà lára ògiri ìta, òtútù ń bọ̀, kí ló lè mú kí ó bẹ́, kí sì ni púlọ́mbà yóò ṣe kí òtútù tó dé? Ọkọ mi gbin. Ó ní ètè ènìyàn ni kó fi wò ó.

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ṣàlàyé ọyẹ́ fún un, ó ṣàlàyé gìgísẹ̀. Ó ní òun á fi òrí pa á. Obìnrin náà ní òun kò gbọ́ dáadáa, kí ni yóò fi pa á? Ọkọ mi rò pé ìfẹ́ ìmọ̀ ló ń mú un béèrè, ó wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣa èso ẹmì, bí wọ́n ṣe ń gún un, bí wọ́n ṣe ń sè é, títí ó fi di òrí. Obìnrin náà kò bú u, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ṣeun púpọ̀, òun gbádùn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo mọ̀ pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n ọkọ mi jáde wá bí ọkùnrin ogun, ó ní òun ti kọ́ òyìnbó lẹ́kọ̀ọ́ lónìí. Ó jẹ iyán méjì.

Ọjọ́ kẹta ni èsì dé sórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ní kò yege, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́, kó tún wá dán an wò ní oṣù kẹfà. Nínú àwọn mẹ́tàdínlógún, mẹ́rìndínlógún ló gba irú èsì yẹn. Kóòṣì ní ẹ̀mí ìlara ló wà nídìí rẹ̀, pé àwọn òyìnbó kò fẹ́ ká mọ àṣírí òrí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ń kó lọ sí Oǹdó. Mo fẹ́ fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti tọ́jú ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sílẹ̀, ó dùn lẹ́nu mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo gbé e mì.

Lánàá, Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Kìtán ni. Ó gbé ṣírí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ńlá kan lérí, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi. Òun nìkan ló yege. Ó ní nígbà tí wọ́n bi òun ní ìbéèrè páìpù, òun gbàgbé gbogbo ohun tí Kóòṣì kọ́ wọn, ìgò sóbò mi nìkan ló wá sí òun lọ́kàn. Ó sọ fún wọn pé omi ló ń wú nígbà tó bá dì, pé kí òtútù tó dé, òun á fa omi inú páìpù ìta dànù, òun á wé èyí tó wà lára ògiri ìta, òun á sì jẹ́ kí ẹ̀rọ kan máa kán díẹ̀díẹ̀ ní òru tí òtútù bá le jù, kí omi má dúró lójú kan. Wọ́n bi í pé ta ló kọ́ ọ? Ó ní ìyá kan tó ń ta sóbò ní Àkúrẹ́ ni. Ọkọ mi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní gbogbo àkókò yẹn, ọbẹ̀ ń tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

Kìtán lọ tán, ọkọ mi gbé àwo ọbẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ omi ń yọ. Ó jáde pẹ̀lú ìgò sóbò kan tó rọ omi kún dé ẹnu, ó dé e pa, ó gbé e síwájú mi lórí tábìlì. Ó ní, "Ìyá Peculiar, jọ̀wọ́, tún un sọ fún mi." Ọdún mọ́kànlá tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, mi ò tíì gbọ́ kó bẹ̀ mí báyìí rí. Mo jókòó, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò fi ẹ̀gún kan há a. Ó gbọ́. Ó mi orí, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun fẹ́ fojú ara òun rí i kó bẹ́, kí ó lè dá òun lójú títí di oṣù kẹfà.

Mo bi í pé inú kí ni ká gbé e sí.

Ó rọra dìde. Ó wọ yàrá lọ sùn. Ìgò náà ló ṣì wà níwájú mi yìí bí mo ṣe ń kọ̀wé sí ọ, mo ti mu díẹ̀ nínú omi rẹ̀, ó lọ́ wọ́rọ́wọ́.

Bá mi kí Bàbá Ayọ̀mikún, sọ fún un pé mo ní kó dá fọ́ọ̀mù náà padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó sì máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò tó mọ̀. Kí Màmá, kí Ayọ̀mikún, kí gbogbo ará ilé. Bí o bá gbọ́ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ta fírísà àlòkù ní Oǹdó, ránṣẹ́ sí mi, kódà bí ìdérí rẹ̀ kò bá pa dé dáadáa, mo máa fi òkúta lé e.

                                                            Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní fìdí ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ọ,

                                                            Motúnráyọ̀, Ìyá Peculiar.